Ìfàsẹ́yìn Ọrọ̀ Ajé: Ìdí Tí Rédíò Fi Ń Sọ Pé Nǹkan Ń Gòkè Nígbà Tí Ọjà Ń Kùtà

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà Ouando máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kàwé díẹ̀. Oníbàárà tó máa ń ra odidi àpò ìrẹsì tẹ́lẹ̀ wá ń ra tòǹgólò méjì. Ẹni tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ ti di ẹni tó ń ra àwìn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣí rédíò, wọ́n á gbọ́ pé ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ fi ohun tó lé ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún 2022, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2023. Ta ló wá ń parọ́? Ṣé rédíò ni àbí ọjà?

Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ohun tí kálukú ń wọ̀n ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa tá a wà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Sábẹ̀ ju bó ṣe kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí àwa la sábà máa ń jìyà ìfàsẹ́yìn tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba wa rárá. Ilé ẹlòmíì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bá a dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n pèsè lórílẹ̀-èdè kan láàárín ọdún kan, òwú, sìmẹ́ǹtì, irun tí onídìrí dì, ẹrù tí wọ́n já ní èbúté Kútọnu, ẹ ṣírò iye rẹ̀ lówó láìka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní PIB lórí rédíò. Simon Kuznets ló gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́dún 1934. Ọrọ̀ ajé wọn ti wó lulẹ̀ nígbà náà, gbogbo ènìyàn ló sì rí i, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe wó tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ìwọ̀n.

Nígbà tí àpapọ̀ yìí bá ń dín kù, tí kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, tó sì kan ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé. Àwọn oníròyìn máa ń pín ọdún sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta: bí PIB bá dín kù fún ìpín méjì tó tẹ̀ léra, wọ́n á ní ìfàsẹ́yìn ti dé. Àbùjá ọ̀nà lásán nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan nínú NBER, àjọ tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé, ló ń kéde rẹ̀, wọ́n sì máa ń wo iye àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, owó tó ń wọlé fún àwọn ènìyàn àti bí ọjà ṣe ń tà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, ìfàsẹ́yìn ọdún 2020 kò ju oṣù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929 gba oṣù 43.

Àmọ́ ìwọ̀n nìyẹn, kì í ṣe àìsàn náà fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ mú àgbẹ̀ kan ní Kétu tó gbin àgbàdo àti ẹ̀wà. Alájàpá tó ń gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà ló ń ra irè rẹ̀. Bí owó bá wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Èkó àti Abẹ́òkúta, alájàpá yìí á dín iye àpò tó ń rà kù, tàbí kó ní iye tó ń san tẹ́lẹ̀ kò lè ṣeé ṣe mọ́. Àgbẹ̀ wa ti fẹ́ kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀ lọ́dún náà. Ó sún un sí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ náà jókòó sílé. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fáwọn ọmọ pé aṣọ ọdún tó kọjá ṣì dára. Aránṣọ tó ń rán aṣọ fún wọn sọ fún ọmọbìnrin tó ń bá a lẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ sílé ná, òun á ránṣẹ́ pè é. Zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà, tó ń gbé aránṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ rí i pé obìnrin náà ti ń fẹsẹ̀ rìn.

Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹnì kankan tó hùwà òmùgọ̀. Kálukú ń ṣọ́wọ́ ná ni, ohun tí ọlọ́gbọ́n sì máa ń ṣe nìyẹn nígbà ìṣòro. Ṣùgbọ́n owó tí ẹnì kan kò ná ni owó tí ẹlòmíì kò rí gbà. Bí ilé kan bá ṣọ́wọ́ ná, ilé yẹn á là á já. Bí gbogbo ilé bá jọ ṣọ́wọ́ ná lọ́jọ́ kan náà, owó tó ń wọlé fún gbogbo ilé á dín kù, wọ́n á sì tún ṣọ́wọ́ ná sí i. John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹnu mọ́ èyí gan-an lọ́dún 1936, ó sì fi gbe ìmọ̀ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé nígbà tí gbogbo ilé bá ti dáwọ́ ìná dúró, ìjọba ni kó máa ná owó, kó gba ènìyàn síṣẹ́, kí owó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i pé àgbàdo kò bàjẹ́ lóko àgbẹ̀ yẹn. Òjò rọ̀ dáadáa. Ilẹ̀ ò yí padà, ọwọ́ àgbẹ̀ náà kò sì rọ. Gbogbo ohun tó lè mú kó là ló ṣì wà níbẹ̀. Olùrà nìkan ni kò sí. Èyí ló ya ìfàsẹ́yìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàn, òun náà ló sì ń mú kó dun ènìyàn wọra, torí pé iṣẹ́ wà tí ẹnì kan lè ṣe, ẹlòmíì sì nílò iṣẹ́ náà, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò lè pàdé.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Wọ́n rò pé ọ̀wọ́n ọjà ni ìfàsẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ dé, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbejì. Láàárín 1929 sí 1933 ní Amẹ́ríkà, ńṣe ni iye ọjà ń rọlẹ̀ lọ́dọọdún. Àlìkámà pọ̀, aṣọ pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Àwọn tí ebi ń pa tò lójú ọ̀nà láti gba ọbẹ̀ ọ̀fẹ́, nítorí pé ẹni tí kò níṣẹ́ kò lè ra ohun tó pọ́ọ́kú pàápàá. Lọ́dún 1933, tí a bá kó òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni kò níṣẹ́. Báńkì tó tó nǹkan bí 9,000 ló ti wó, owó àwọn tó fi pamọ́ síbẹ̀ sì bá a lọ.

Ní ilẹ̀ wa, irú ìyà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba orí epo pupa wọlé. Epo àti èkùrọ́ ni ilẹ̀ Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ń tà fún òyìnbó, iye tí wọ́n ń tà á sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti bọ́tà ní Yúróòpù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, iye rẹ̀ gòkè, ó sì tún já wálẹ̀ pátápátá ní 1920 sí 1921. Dípò kí ìjọba amúnisìn dín owó orí kù, wọ́n bù kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀, wọn ò san án. Ìjọba kó sójà wá, wọ́n sì lé àwọn tí wọ́n kà sí aṣáájú lọ sí ìgbèkùn ní Mauritania. Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn, wà lára wọn. Nínú ìtàn tí à ń sọ fáwọn ọmọ, ìgboyà àwọn ènìyàn náà la máa ń sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ ká máa sọ ti epo mọ́ ọn. Ẹni tí iye epo rẹ̀ ti já wálẹ̀ ni wọ́n ní kó san owó orí tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìfàsẹ́yìn ńlá ọdún 1929 tún bá epo náà lórí. Ọjà ìpín ìdókòwò wó ní New York ní oṣù kẹwàá, kò sì pẹ́ tí ohun tí àgbẹ̀ ń rí gbà lórí epo fi rọlẹ̀ gidigidi níbí, nígbà tí owó orí ṣì dúró gbọn-in. Ẹni tí kò mọ ibi tí New York wà rárá ní láti fọ èkùrọ́ púpọ̀ sí i kó tó lè san gbèsè kan náà.

Èyí tó wà lọ́kàn àwọn àgbà jù lọ ni ti àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ti sọ ló péjọ síbẹ̀.

Láti ìparí ọdún 1973 ni iye epo rọ̀bì ti di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Owó ya wọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Kétu, Ìlárá àti Àjàṣẹ́ kó lọ sí Èkó láti ṣiṣẹ́ kọ́lékọ́lé, iṣẹ́ awakọ̀, iṣẹ́ ilé. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ ńlá méjì sílẹ̀ ní apá tiwa: ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Sábẹ̀, àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onígbólò, láàárín Pobẹ̀ àti Kétu. Ìrètí wọn ni pé Nàìjíríà ni yóò máa ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni olùrà náà ṣubú. Iye epo rọ̀bì rọlẹ̀, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà sì fà sẹ́yìn lọ́dọọdún láti 1981 dé 1983.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ àwọn tiwa náà wà níbẹ̀. Ibodè Gánà ṣì wà ní títì pa lásìkò náà, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn há sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, láìlè tẹ̀ síwájú, láìlè padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, Muhammadu Buhari, tó ti gbàjọba, ti ibodè Nàìjíríà pa nígbà tó ń pààrọ̀ owó náírà. Títì náà wọ ọdún 1986. Ṣúgà wà ní Sábẹ̀, sìmẹ́ǹtì wà ní Onígbólò, ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọjá ni kò sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀? Owó ibodè wà lára ohun pàtàkì tó ń gbé e ró. Nígbà tí èyí gbẹ, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba náà ò sì mérè wá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù. Ó dáwọ́ gbígba àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde síṣẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá ti jáde yunifásítì mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ń dúró de òun. Nígbà tó fi máa di 1988 sí 1989, àwọn báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó.

Bí báńkì ṣe ń wó yẹ ní ṣíṣàlàyé, torí mo ti gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé "wọ́n kó owó náà sá lọ ni". Owó tí ẹ fi pamọ́ sí báńkì kì í jókòó síbẹ̀. Báńkì máa ń fi èyí tó pọ̀ jù yá àwọn mìíràn, ó sì ń pa ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ fún àwọn tó bá wá gba tiwọn lójoojúmọ́. Bí àwọn tó yá owó kò bá san án padà, àbùkù ti wọ inú rẹ̀, kódà kí ẹnikẹ́ni má tíì mọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò mérè wá àti àwọn tó lẹ́nu nílé ìjọba ló yá owó púpọ̀ tí wọn kò san. Ọjọ́ tí ìròyìn bá tàn kálẹ̀, gbogbo olówó á dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kò sì lè kárí. Olùkọ́ kan á jí lọ dúró níwájú báńkì ní ìdájí pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé náà á kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé owó wà, akọ̀wé inú fèrèsé á sì ní kó padà wá lọ́la. Owó tó wà nínú ìwé tí kò sì sí lọ́wọ́, kò lè ra gàrí.

Lẹ́yìn tí báńkì wó, oníṣòwò kò rí owó yá, ẹni tó ní ìyókù sì fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Irú ohun tó bá àgbẹ̀ Kétu tí mo sọ lókè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi fagi lé gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí année blanche. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé òun ti kọ ètò Marx àti Lenin sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu, Nicéphore Soglo sì di olórí ìjọba. A máa ń sọ pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ló bí àpérò náà. Owó oṣù tí wọn kò san ló bí i pẹ̀lú.

Ta ló gbé ilé ró láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn? Èrò tèmi ni pé èsúsú àti àjọ àwọn obìnrin ni, ju ohunkóhun lọ. Alájọ tó ń yí ọjà ká pẹ̀lú káàdì kékeré kò fi owó yá ilé iṣẹ́ ìjọba kankan. Ìgbà náà sì ni zémidjan pọ̀ dé gbogbo ojú ọ̀nà, tí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì ń gun alùpùpù gbé èrò kó lè jẹun. A ti mọ́ wọn lójú débi pé a kì í rántí mọ́ pé ìfàsẹ́yìn ló sọ wọ́n di púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbà máa ń pa ọdún 1989 àti 1994 pọ̀ bíi pé ìyà kan náà ni. Wọn kì í ṣe ìkan náà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà pàdé ní Dakar, wọ́n sì kéde pé iye owó náà ti já sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Oògùn, ìrẹsì àti gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ó ni ènìyàn lára gidigidi. Síbẹ̀, PIB Bẹ̀nẹ̀ kò dín kù lọ́dún náà, ó sì gòkè dáadáa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí pé owó sẹ́fà tí wọ́n ń rí gbà lórí òwú tí wọ́n tà sókè òkun pọ̀ sí i. Ọ̀wọ́n ọjà àti ìjákulẹ̀ owó ni ti 1994. Ìfàsẹ́yìn ni ti 1989. Ẹni tó ń ra oògùn fún ọmọ rẹ̀ lè má rí ìyàtọ̀ kankan, mi ò sì ní bá a jiyàn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ oògùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ti ọdún 2008 kò gùn lẹ́nu mi. Àwọn báńkì Amẹ́ríkà fi owó yá ènìyàn láti ra ilé tí wọn kò lè san gbèsè rẹ̀, wọ́n sì ta gbèsè náà kiri ayé. Nígbà tí báńkì ńlá Lehman Brothers wó ní oṣù kẹsàn-án, kò sí báńkì tó fọkàn tán báńkì mọ́. Níbí, ọ̀wọ́n ìrẹsì ti kọ́kọ́ jẹ wá níyà lọ́dún náà kí ìròyìn Lehman tó dé, ìdàgbàsókè wa sì lọ sílẹ̀ ní 2009 àti 2010, àmọ́ a kò ṣubú.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà Nàìjíríà ni ìyà ti ń gbà wọlé. Epo rọ̀bì tí àgbá kan rẹ̀ lé ní 100 dọ́là ní àárín 2014 já sí ìsàlẹ̀ 30 ní oṣù kìíní 2016. Nàìjíríà wọ ìfàsẹ́yìn, PIB wọn sì fi nǹkan bí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dún 2016. Láti oṣù kìíní 2017, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ tó rà gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà Nàìjíríà ló ń gbé ọjà ọkọ̀ àlòkù Kútọnu ró. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ibodè pa títí di oṣù kejìlá 2020. Gàrí àti àgbàdo ṣeé tọ́jú, tòmátì àti ọ̀pẹ òyìnbó kò ṣeé tọ́jú. Ó jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Kí ni PIB Bẹ̀nẹ̀ sì sọ lọ́dún 2019? Ó ní a fi nǹkan bí 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè.

Ibí ni ìdáhùn ìbéèrè àwọn ìyá Ouando wà. PIB Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òwú tí wọ́n ń gbìn ní apá àríwá, iṣẹ́ èbúté, ọ̀nà tí ìjọba ń ṣe, ilé iṣẹ́ tuntun ní Glo-Djigbé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá gòkè, wọ́n lè bo ìṣubú tí ó bá agbègbè kan mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú òwò tá à ń ṣe pẹ̀lú Nàìjíríà kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó ń ta kpayo, epo ọkọ̀ tó ń ti Nàìjíríà wá, lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó ń gbé ìrẹsì gba Ìgólò, ẹni tó ń pààrọ̀ náírà, àwọn tó ń ṣèṣirò máa ń fojú bu tiwọn ni. Nígbà tí òwò wọn bá kú, ìwé kò tètè mọ̀.

Ọdún 2020 fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ọrọ̀ ajé àgbáyé fi nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nítorí àrùn kòrónà. Nàìjíríà tún wọ ìfàsẹ́yìn. Láti òpin oṣù kẹta ni ìjọba wa ti ká Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn mọ́, tí ọkọ̀ èrò kò lè wọlé tàbí jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀, ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ lápapọ̀ gòkè díẹ̀ lọ́dún náà, ó sún mọ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní 2023, kò tilẹ̀ sí ìfàsẹ́yìn ní Nàìjíríà pàápàá. Ìjọba Bọlá Tinúbú yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún, iye kpayo sì fò sókè ní Àjàṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó bá mú 1,000 náírà wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ owó lẹ́bàá ibodè á rí nǹkan bí 800 sẹ́fà gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, agbára káká ni yóò fi rí 400. Oníbàárà kan náà ni, owó tó mú dání kò yí padà, àmọ́ ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ ló lè rà. Ẹni tó ń tajà fún un ní Ouando kò ṣe ohunkóhun tó yàtọ̀, ọjà rẹ̀ kàn kùtà ni.

Ṣé ìjọba ò lè ṣe nǹkan kan ni? Ó lè ṣe é, àmọ́ ọwọ́ tiwa kúrú. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá wọ ìfàsẹ́yìn, báńkì àpapọ̀ wọn lè dín èlé kù kí owó yíyá lè rọrùn, ó sì lè tẹ owó sí i. Bẹ̀nẹ̀ kò ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀. BCEAO ní Dakar ló ń tọ́jú sẹ́fà fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, a sì ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan, kì í gòkè, kì í rọlẹ̀. Àǹfààní wà níbẹ̀: a kò mọ irú ọ̀wọ́n tí náírà fi jẹ àwọn ará Nàìjíríà níyà. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí náírà bá já, ọjà tiwa á di ọ̀wọ́n lójú wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí Kútọnu lè fà láti fi bá a dọ́gba. Ohun tó kù fún ìjọba ni kó ná owó: kó ṣe ọ̀nà, kó ra irè oko, kó ran àwọn tó pàdánù lọ́wọ́. Lọ́dún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè sẹ́fà ní apá wa fi òfin tó ń dí gbèsè ìjọba lọ́wọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀. Àpá ìfàsẹ́yìn kì í parẹ́ lọ́jọ́ tí PIB bá padà bọ̀ sípò. Àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti rí i pé ẹni tó bá jáde ilé ẹ̀kọ́ ní àárín ìfàsẹ́yìn máa ń gba owó tó kéré sí ti àwọn tó jáde nígbà ìrọ̀rùn, èyí sì lè bá a fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí kò dára, èyí tó tẹ̀ lé e sì gùn lé ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì ní Sábẹ̀ lọ́dún tí òwò kò dára, ọrọ̀ ajé lè dìde lọ́dún kejì, àmọ́ ọmọ náà ti di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níbòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí bàbá tà láti san gbèsè. Nítorí náà, bí ẹbí bá fẹ́ yan ohun tí wọn yóò dá dúró nígbà tí owó bá wọ́n, owó ilé ẹ̀kọ́ ni mo rò pé ó yẹ kó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Ní ti ìròyìn, INStaD, àjọ tó ń ṣèṣirò fún ìjọba wa, máa ń tẹ PIB jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó sì máa ń pín in sí ìpín iṣẹ́ ọ̀gbìn, ilé iṣẹ́, òwò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò kì í sábà ka ìpín wọ̀nyí, àpapọ̀ nìkan ló ń kà. Kí ẹ bi ẹni tó bá mú nọ́ńbà náà wá pé: ìpín wo ló gòkè? Ṣé òwú ni àbí òwò? Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè iye náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ owó ní Ìgólò, àti iye tí àwọn alájàpá ń ra àpò àgbàdo ní Kétu. Èmi máa ń béèrè méjì tó kẹ́yìn yìí kí n tó béèrè PIB.